Bàtà Nọ́mbà Mọ́kànlá

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo béèrè.
Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ Àkàndé wú ní ọsibítù Grimsby,
tí gbogbo bàtà tó ní kọ̀ ọ́ sílẹ̀,
mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù:
bàtà abẹ́lé, rírọ̀, fífẹ̀, nọ́mbà mọ́kànlá.
Mo wo iye tí wọ́n ń tà á. Mo mí kanlẹ̀.
Mo ní ó di ọjọ́ Ẹtì, bí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé.
Àkàndé kò dúró de ọjọ́ Ẹtì.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà.
Wọn ò dé ibi tí mo dé.
Níbí, bí o bá béèrè ọ̀nà,
ọ̀nà á tẹ̀ lé ọ délé,
á bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, á jókòó sórí àga rẹ.

Mo ní kí n wò ó bóyá òjò á rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú:
bàtà.
Mo ń wá bí wọ́n ṣe ń yọ epo lára aṣọ funfun:
bàtà, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ eérú.
Mo ń ka ìròyìn ilé, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le,
bàtà gba àárín gbólóhùn kọjá
bí ewúrẹ́ tó gba àárín ìyẹ̀wù.
Wọ́n ní, O gbàgbé nǹkan kan.
Wọ́n ní, Ó ṣì ń dúró dè ọ́.
Wọ́n ní ó ku méjì péré.
Èmi? Èmi ni mo gbàgbé?

Ti tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?
Lọ́sàn-án gangan, bàbá kan tí eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú
ní kí n máa san owó pósí ara mi díẹ̀díẹ̀;
bí mo bá kàn pè é, yóò fi bírò kan ta mí lọ́rẹ.
Bírò! Kí n fi kọ kí ni?
Ẹni tó ń ta àga tí ń gbé arúgbó gun àtẹ̀gùn tẹ̀ lé e,
ohùn rẹ̀ lọ sókè ju ti eré tí mo ń wò lọ,
bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Nígbà tí a ṣì jẹ́ méjì, a ní ọgbọ́n tiwa.
Àkàndé á ní, "Àwọn ayọnilẹ́nu ti dé,"
á tẹ bọ́tìnì, á pa wọ́n lẹ́nu mọ́,
á wá máa bá wọn sọ ohun tí wọn ò lè sọ mọ́:
obìnrin olóòórùn dídùn á máa ná iṣu,
ọkùnrin onímọ́tò á máa bẹ ìyàwó rẹ̀.
Èmi á ti lọ gbé kẹ́tùlù kaná,
màá máa rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì.

Fìyìnfólú, ọmọ ọmọ mi, wá láti Leeds.
"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ń gbà fún gbogbo wọn?"
Ṣé wọ́n béèrè bóyá mo gbà ni, mo ní mo gbà.
Ọmọlúàbí ni wọ́n kọ́ mi.
Ó fi ọlọ́dẹ kan sẹ́nu ọ̀nà fóònù,
kí n tó bu ìrẹsì tán, bàtà ti lọ.
Ibi tó máa ń dúró sí wá ṣófo,
bí ògiri tí wọ́n yọ fọ́tò lára rẹ̀.
Mo dúpẹ́. Mo ṣàdúrà fún un.

Lóru, oorun kò wá.
Pásítọ̀ ti ní ká máa tẹ̀síwájú.
Maureen ẹ̀gbẹ́ ilé ti wá gba àwo rẹ̀ lọ.
Ẹ̀rọ aláìnítìjú yẹn nìkan ló kù
tó ṣì gbà pé Àkàndé ní ẹsẹ̀.

N kò ní kí ọmọ náà dá a padà.
Àmọ́ lánàá, bàbá onípósí yọ,
mo tẹ bọ́tìnì. Ó ń ya ẹnu bí ẹja inú dígí.
Mo bá a fèsì sí ara rẹ̀:
"Ẹ dákun, ta ló rí bírò mi?"
Ohùn náà fẹ́ jọ ti Àkàndé.
Mo dákẹ́.
Kẹ́tùlù wà ní kíṣìnì, tútù.